Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Inú Géèmù Ìdíje Ojú Òfuurufú

Bísímílláhì Rahmáánì Rahíìmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀, Ọba tí ó to ìràwọ̀ sí ipò wọn tí ọ̀kan kò sì kọlu èkejì. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń ṣe. Àwọn ọmọ ilé kéú wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò kò yé bi wá léèrè nípa géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń béèrè pé ṣé hàráámù ni. Àwọn mìíràn ti wà nídìí rẹ̀ ná, wọ́n sì ń fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe ṣe é tí wọn kò fi ní máa pàdánù lójoojúmọ́. A lè sọ pé kí gbogbo yín jáwọ́, kí a sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kọ̀ fún láìjẹ́ kí ó mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yìn wa ni yóò ti lọ ṣe é. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kọ́ yín ní nǹkan méjì pọ̀: bí ẹni tuntun ṣe ń rìn tí kò fi ní ṣubú nínú eré náà, àti bí Mùsùlùmí ṣe ń rìn tí kò fi ní ṣubú níwájú Ọlọ́hun.

1. Kí ni eré náà jẹ́?

Oríṣiríṣi géèmù ojú òfuurufú ni ó wà. Èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni EVE Online, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ó le fún ẹni tuntun. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀, ìyókù kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún un. Ilé iṣẹ́ CCP tí ó wà ní ìlú Reykjavík, ní orílẹ̀-èdè Iceland, ni ó ṣe é, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 2020, irú rẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ EVE Echoes jáde fún àwọn tí ó ń lo fóònù. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni ènìyàn ti lè wọ EVE Online láìsan kọ́bọ̀, àmọ́ ẹni tí kò sanwó kò lè wa gbogbo oríṣi ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Àgbáyé tí wọ́n dá sínú rẹ̀ tóbi. Agbègbè ìràwọ̀ tí ó wà níbẹ̀ lé ní 7,000. Olùdíje kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó fi ń rìn láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn. Àwọn kan ń wa kùsà, àwọn kan ń rọ ọkọ̀, àwọn kan ń tajà, àwọn kan ń jagun, àwọn kan sì ń dá ọ̀nà. Àwọn olùdíje fúnra wọn ni ó ń rọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, àwọn náà ni ó sì ń dá iye owó ọjà. Bí ọkọ̀ rẹ bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Kò sí àǹfààní pé kí a padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe nínú àwọn géèmù mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ogun ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní B-R5RB. Owó tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kan san kí agbègbè náà má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn ni kò wọlé lásìkò, ni àwọn ọ̀tá wọn bá rí àyè. Ìjà náà gba nǹkan bí wákàtí 21, àwọn tí ó kópa lé ní 7,000, ọkọ̀ 75 ni ó sì ṣègbé nínú àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Titan. Nígbà tí wọ́n ṣírò òfò náà sí owó gidi, ó tó nǹkan bí 300,000 dọ́là. Gbèsè kan péré tí a kò san lásìkò ni ó ṣílẹ̀kùn gbogbo rẹ̀.

2. Kí o tó wọlé: aago, ìrun àti iná

Ohun kìíní tí ẹni tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé àìsùn kò lérè nínú eré yìí. Iṣẹ́ tí awakọ̀ rẹ ń kọ́ níbẹ̀ ń bá aago gidi rìn. Ìwọ kàn máa tò ó sílẹ̀ ni, yóò sì máa lọ, ìbáà jẹ́ pé o ń sùn, ìbáà jẹ́ pé o wà ní ilé ìwé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ. Ẹni tí ó jókòó títí di aago mẹ́ta òru kò fi ìyẹn mọ iṣẹ́ ju ẹni tí ó sùn lọ.

Ohun kejì ni aago wọn. Aago tí wọ́n ń lò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa ní Èkó. Lójoojúmọ́, nígbà tí ó bá di aago 11 àárọ̀ tiwọn, tí í ṣe aago 12 ọ̀sán tiwa, wọ́n máa ń ti gbogbo rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tún un ṣe. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìrun Àìlá ń wọlé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ sọ títì yìí di olùránnilétí. Bí wọ́n bá ti tì í, ẹ dìde, ẹ ṣe àlùwàlá, bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ gba mọ́sáláásí lọ.

Ohun kẹta ni àkókò ẹgbẹ́ tí ẹ ó bá rìn. Ìrọ̀lẹ́ àwọn ará Yúróòpù kò jìnnà sí ìrọ̀lẹ́ wa, ṣùgbọ́n alẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni òru wa. Ẹni tí ó bá darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí ó ń jagun ní alẹ́ Amẹ́ríkà yóò máa kúrò lójú ogun ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí, oorun yóò sì gbé e lọ ní àkókò Àsùbáà gan-an. Kí o tó wọ ẹgbẹ́ kankan, bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń kó jọ. Kí o sì ti sọ fún olórí wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé bí àkókò ìrun bá tó, ìwọ yóò gbé ọkọ̀ rẹ wọ èbúté. Olórí tí kò lè fún ọ ní ìṣẹ́jú 10 láti kírun, kì í ṣe olórí tí ó yẹ kí Mùsùlùmí tẹ̀lé lọ sí ogun eré.

Ohun kẹrin ni iná. Gbogbo wa ni a mọ bí iná ti ń lọ ní àdúgbò wa. Bí iná bá lọ nígbà tí o wà lójú òfuurufú tí ìjà kò sí, ọkọ̀ rẹ yóò gbìyànjú láti sá kúrò níbẹ̀, yóò sì pòórá láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wà nínú ìjà, ọkọ̀ náà yóò dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn ọ̀tá yóò sì máa fọ́ ọ níṣojú ẹni tí kò sí nílé. Nítorí náà, bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, tàbí tí dátà bá kù díẹ̀, èbúté ni kí o gbà lọ.

3. Ìmọ̀ràn márùn-ún lórí bí a ṣe ń rìn

Èkíní: Má ṣe wa ọkọ̀ tí o kò ní lè rà padà. Èyí ni òfin tí àwọn àgbà inú eré náà kọ́kọ́ máa ń kọ́ ẹni tuntun. Ẹni tí ó kó gbogbo owó rẹ̀ lé ọkọ̀ ńlá kan dà bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mọ́tò wíwà ní Ìgandò tí ó lọ yá owó ra tírélà. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní frigate ni kí o fi kọ́ṣẹ́. Kò wọ́n, ó yára, bí ó bá sì fọ́, ọkàn rẹ kò ní bàjẹ́. Bí o kò bá tilẹ̀ ní ọkọ̀ rárá mọ́, wọn yóò fún ọ ní ọkọ̀ kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní èbúté.

Èkejì: Mọ ibi tí o wà. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ nọ́ńbà ààbò sí. Láti 1.0 dé 0.5, àwọn agbófinró tí wọ́n ń pè ní CONCORD wà níbẹ̀. Láti 0.4 dé 0.1, àwọn agbófinró wọ̀nyí kò ní wá gbà ọ́. Láti 0.0 lọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó lágbára ni ó ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí èyí dáadáa: CONCORD ń fìyà jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹ̀, wọn kì í dí i lọ́wọ́ kí ó tó ṣe é. Àwọn ọlọ́ṣà máa ń lúgọ ní Uedama, ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọlọ́jà ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbègbè ààbò ni. Wọ́n gbà kí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tiwọn ṣègbé, kí wọ́n lè kó ẹrù olówó ńlá tìrẹ. Ẹni tí ó ń gbé ọjà láti Ìkòtún lọ sí Cele kì í fi gbogbo owó rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Pín ẹrù rẹ sí ọ̀nà méjì mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta: Má ṣe fi ọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tìrẹ. Bí o bá rí ẹrù tí ó léfòó tí àmì àwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀, ti ẹlòmíràn ni. Ìdẹkùn ni ó sì máa ń jẹ́ nígbà mìíràn. Bí o bá mú un, òfin eré náà fún ẹnikẹ́ni láyè láti yìnbọn lù ọ́. Má ṣe yí bọ́tìnnì ààbò kúrò lórí àwọ̀ ewé títí ìwọ yóò fi mọ ohun tí ò ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka fíkìhì ní ilé kéú mọ̀ pé òfin wà fún ohun tí ènìyàn bá rí he. Ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹ̀kẹrin: La ojú rẹ. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìṣọ́nà tí ó ń wo ibi tí ó jìn tó 14.3 AU. AU kan ni ìwọ̀n ọ̀nà tí ó wà láàárín ayé wa yìí àti oòrùn, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Tẹ ẹ̀rọ náà léraléra. Bí o bá wà ní agbègbè tí kò ní ààbò, tí orúkọ àjèjì yọ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó wà nítòsí, kúrò níbẹ̀ ná, kí o tó ṣe ìwádìí.

Ẹ̀karùn-ún: Má ṣe dá rìn. Láti ọdún 2004 ni ẹgbẹ́ kan ti wà nínú eré náà tí ó ń jẹ́ EVE University, àwọn olùdíje ni ó dá a sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa kọ́ ẹni tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé kéú ni ọ̀rọ̀ wọn rí: àgbà ń kọ́ ọmọdé, ọmọdé ń dàgbà, òun náà ń kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá jókòó ti àgbà ní oṣù kan yóò mọ ohun tí ẹni tí ó ń dá a ṣe lè má mọ̀ ní ọdún kan.

4. Ọ̀fìn mẹ́ta tí ó wà nídìí owó

Owó tí wọ́n ń ná nínú eré náà ni ISK. Ohun kan tún wà tí ó ń jẹ́ PLEX, tí a lè fi dọ́là gidi rà, kí a sì tà á gba ISK. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá eré lásán. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹnìkan níbẹ̀, ó lè jẹ́ owó oṣù rẹ̀ ni ó fi rà á, tàbí wákàtí ayé rẹ̀.

Ọ̀fìn kìíní ni àwọn tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò sọ owó di méjì. Ọjà tí ó tóbi jù lọ nínú eré náà wà ní Jita. Bí o bá dé ibẹ̀, ìwọ yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń kígbe pé kí o fi ISK ránṣẹ́, àwọn yóò dá a padà ní ìlọ́po méjì. Ṣé ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà tún bọ́ sínú èyí? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM ti owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ni ó sì fi ẹkún ṣe ọdún. Irú ẹja kan náà ni, odò ni ó yàtọ̀.

Ọ̀fìn kejì ni tẹ́tẹ́. Ní ọdún 2016, CCP lé àwọn ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń fi ISK ta tẹ́tẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn mú ohun kan wọlé tí ó ń jẹ́ HyperNet Relay. Ẹnìkan yóò gbé ọkọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ra ìpín, ẹ̀rọ yóò ṣà ẹnìkan ṣoṣo, àwọn ìyókù yóò sì pàdánù owó wọn. Ẹ̀yin ará, bí a bá yí orúkọ padà, ìwà ohun náà kò yí padà. Tẹ́tẹ́ ni. Ọlọ́hun ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti ìbọ̀rìṣà nínú súrà Al-Má'ídà, ẹsẹ̀ 90. Ẹni tí kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Ìdímù, kí ó má ṣe ta á lójú òfuurufú.

Ọ̀fìn kẹta ni ríra ISK lọ́wọ́ àwọn aláròóbọ̀ ìta. Òfin eré náà kọ̀ ọ́, wọ́n sì lè ti ẹnu ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá ṣe é. Èyí tí ó burú jù ni pé irú owó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí kó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bákan náà, káàdì báńkì bàbá tàbí ìyá yín kì í ṣe tiyín. Ẹni tí ó bá fi í ra PLEX láìgbàṣẹ, olè ni ó jà.

5. Ẹ̀tàn tí eré gbà láyè, tí ẹ̀sìn kò gbà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa gbé le jù. Nínú EVE Online, bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ọkọ̀ rẹ, tàbí tí ó kó àpótí ẹgbẹ́ sá lọ, ilé iṣẹ́ tí ó ni eré náà kì í dá ohun tí o pàdánù padà fún ọ. Wọ́n ní ara eré ni. Àwọn ọmọ wa ń bi wá pé: bí òfin eré bá gbà á, kí ni Mùsùlùmí yóò ṣe?

Ìdáhùn wa ni pé kí a pín in sí méjì. Agbábọ́ọ̀lù tí ó fi ẹsẹ̀ tan ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ kò purọ́. Ọ̀ta tí ó fi ọmọ ayò dẹ pańpẹ́ fún ọ̀pẹ́ kò purọ́. Àwọn méjèèjì ni ó mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó lúgọ de ọ̀tá ní agbègbè ogun, tàbí tí ó fi ọkọ̀ kan ṣe ìjẹ láti fa ọ̀tá jáde. Ẹni tí ó wọ ibẹ̀ ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Àmáánà yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 2009, báńkì kan wà nínú eré náà tí ó ń jẹ́ EBANK. Àwọn olùdíje ni ó dá a sílẹ̀, àwọn ènìyàn kó owó wọn síbẹ̀ nítorí èlé tí ó ń san. Ọ̀gá rẹ̀ kó bílíọ̀nù 200 ISK níbẹ̀, ó sì tà á gba owó gidi tí ó lé ní 5,000 dọ́là, ó fi bójú tó bùkátà ara rẹ̀. Tìtorí pé ó ta ISK gba owó gidi ni ilé iṣẹ́ náà ṣe lé e jáde, kì í ṣe tìtorí pé ó da àwọn tí ó fọkàn tán an. Ẹ wò ó bí òfin ayé ti rí! Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, dídà tí ó da àwọn ènìyàn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, àwọn tí ó sì kó owó síbẹ̀ nítorí èlé kò jìnnà sí ribá.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà. Àwọn Kùráísì ń wá Ànábì wa láti pa á, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹrù àwọn kan nínú wọn wà, nítorí pé Al-Amín, ẹni ìfọkàntán, ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó ń ṣe híjírà, ó fi Alíyù sílẹ̀ kí ó dá ẹrù kálukú padà fún un. Ọ̀tá ni wọ́n, wọ́n fẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, síbẹ̀ kò sọ pé ogun ti dé, ẹrù yín ti di tiwa. Bí kò bá tọ́ láti jẹ àmáánà ọ̀tá nínú ogun gidi, báwo ni ó ṣe máa tọ́ láti jẹ àmáánà ọ̀rẹ́ nínú ogun eré? Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ àpótí wọn, bí o bá yá owó, bí o bá ṣe àdéhùn, mú un ṣẹ. Kí wọ́n mọ ọmọ Alímọ̀ṣọ́ kan níbẹ̀ pé bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà dúró.

6. Ẹnu wa àti àṣírí wa

Nínú irú eré yìí, èébú pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ máa ń bú bàbá ẹni tí ó fọ́ ọ. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe fèsì. Kí ó kí ẹni tí ó borí rẹ̀ pé o ṣe é dáadáa, kí ó sì bi í pé kí ni òun ṣe tí kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́ ọ ní ohun tí ìwé kò kọ.

Ẹ̀yin àbúrò wa obìnrin, ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ sí eré tí ó mọ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ yín gidi, àwòrán yín, nọ́ńbà fóònù yín tàbí àdúgbò tí ẹ ń gbé hàn fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ẹ tì í pa, kí ẹ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwọn ọkùnrin wa tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ yọ arábìnrin wọn lẹ́nu.

7. Àǹfààní tí a lè rí mú jáde

Kì í ṣe ibi nìkan ni ó wà níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni àwọn olùdíje EVE ti ń ran àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Project Discovery. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán inú ara ènìyàn, ní ọdún 2017 wọ́n ń wá àwọn ayé tí ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, ní ọdún 2020 wọ́n ṣiṣẹ́ lórí àrùn COVID-19. Ẹni tí ó bá ń tajà níbẹ̀ pẹ̀lú òdodo yóò mọ ìṣirò èrè àti àdánù. Ẹni tí ó bá sì gbójú sókè wo sánmà gidi yóò rí i pé èdè Lárúbáwá ni orúkọ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ti wá: Aldebaran, Altair, Rigel. Àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì bíi Abdur-Rahman As-Sufi, tí ó kọ ìwé lórí ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọdún 964, kò wo sánmà lásán. Ogún yín ni.

Ní ìparí, ẹ̀yin ará wa, nínú eré yìí, bí wọ́n bá pa awakọ̀ rẹ, yóò jí nínú ara mìíràn, yóò sì ra ọkọ̀ mìíràn. Àwa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí kan, ìgbà èwe kan ni wọ́n fún wa, wọn yóò sì bi wá léèrè bí a ṣe lò ó. Ẹni tí ó bá rí i pé eré náà ti ń gba ìrun, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ òun, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó tó fi òun sílẹ̀ lófo.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ìgbà èwe wa. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọgbọ́n eré àti jíjẹ àmáánà? Ẹ mú àpẹẹrẹ wá láti inú bọ́ọ̀lù tàbí ayò.
2. Kí ló dé tí a fi ka HyperNet Relay sí tẹ́tẹ́?
3. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń kó jọ ní aago mẹ́ta òru, kí ni ẹ ó sọ fún olórí yín?
4. Kí kálukú kọ wákàtí tí ó lò nídìí géèmù ní ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ó sì kọ wákàtí tí ó lò nídìí Al-Kùránì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ni ẹ rí?